Bí a ṣe ń ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì àlòkù tí kò ní kú mọ́ni lọ́wọ́ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n

Benz C-Class dúdú ni mo kọ́kọ́ rà, lọ́wọ́ oníṣòwò ọkọ̀ kan nílùú ńlá. Mọ́tò náà ń dán débi pé ẹ lè fi ara rẹ̀ wo ojú yín. Awọ ìjókòó rẹ̀ kò sán, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni mo wà á wọ Adó-Èkìtì. Àwọn ará àdúgbò wá kí mi kú oríire, màmá mi fi orógbó wúre sí i. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ ní Ìfàkì, kọ́kọ́rọ́ kọ̀, kò yí. Iná kankan kò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, sítíárìnnì tì gbọn-in. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé Benz mi padà sí Adó, àwọn tó kí mi lọ́jọ́ Sátidé sì wà níta.

Kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nídìí sítíárìnnì irú Benz yẹn, èyí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2007 sí 2014, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní W204. Òun ló ń ti sítíárìnnì, tó sì ń ṣí i. Bó bá ti kú, ọkọ̀ kò ní gbọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́. Gbogbo ẹni tó mọ Benz ló mọ̀ pé wọ́n máa ń kú. Èmi ni n kò bi ẹnì kankan léèrè, nítorí ọ̀dà ara ọkọ̀ ni mo ń wò.

Láti ìgbà náà, mo ti bá ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ wo ọkọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo kọ sílẹ̀ yìí, bó ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn.

Mẹkáníìkì ṣáájú ọkọ̀

Ẹ má tíì lọ sí ibi tí wọ́n ń ta ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò máa tún un ṣe. Àwọn tó lè tú Camry palẹ̀ kí wọ́n sì tò ó padà pọ̀ ní Adó ju ẹni tó ń ta iyán lọ. Ṣùgbọ́n ti Benz tàbí BMW yàtọ̀: ó gba ẹni tó ní ẹ̀rọ skánà tó gbọ́ èdè irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe skánà kékeré tí wọ́n ń tà fún gbogbo ayé, tó máa ka ẹ́ńjìnnì nìkan tí kò ní rí jíà, bíréékì tàbí àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo èrò nígbà ìjàǹbá (airbag).

Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ má sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀ tó wà níbẹ̀. Bí koríko bá ti hù lábẹ́ méjì nínú àwọn Benz tó wà nílẹ̀, ẹ kí ọ̀gá náà kú iṣẹ́, kí ẹ máa lọ. Bí ọkọ̀ bá ń wọlé tó ń jáde, ẹ jókòó, kí ẹ bi í pé èwo nínú irú ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ ló ti ń tọ́jú láti ọdún méjì wá. Ẹ ní kó mú yín mọ ẹni tó ni ín, nítorí onílé ló mọ ibi tí òrùlé ti ń jò.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye owó ohun márùn-ún: ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì, ọ́ìlì jíà pẹ̀lú fíltà rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ti omi káàkiri ẹ́ńjìnnì, iná iwájú kan, àti bíréékì yíká. Ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò ti wá, owó ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ yóò sì gorí rẹ̀. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá mú yín làágùn, ẹ sọ̀kalẹ̀ sí ọkọ̀ tó rọrùn díẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Nípa owó, bí ẹ bá ní náírà mẹ́rin, ẹ fi mẹ́ta ra ọkọ̀, kí ẹ fi ọ̀kan pa mọ́. Àwọn tó ń ná gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan náà ni ẹ máa ń rí tí Benz wọn ń sùn sínú ọgbà, tí àwọn fúnra wọn ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Èwo ni ká wá?

Fún ẹni tó ń gbé Èkìtì, Lexus ES 350 ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ìdí rẹ̀ kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ju Benz lọ. Ẹ́ńjìnnì V6 oní lítà 3.5 tó wà nínú rẹ̀, 2GR-FE, òun náà ló wà nínú Camry V6 àti Avalon ìgbà náà. Ẹni tó ń tún Camry ṣe lójú ọ̀nà Ìyìn kò ní bẹ̀rù rẹ̀. Ṣéènì ló fi ń darí ìyípo inú ẹ́ńjìnnì (timing chain), kì í ṣe bẹ́líìtì, nítorí náà kò sí pé a fẹ́ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó pé. Ti ọdún 2007 sí 2012 àti ti 2013 sí 2018 ni ẹ máa rí jù. Lára àwọn ti 2007 àti 2008, ẹ béèrè nípa ọ̀pá tó ń gbé ọ́ìlì lọ sókè ẹ́ńjìnnì: rọ́bà ló wà láàárín rẹ̀ nígbà yẹn, ó máa ń bẹ́ láìrò tẹ́lẹ̀, ọ́ìlì á sì dà nù tán kí ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó mọ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ sí onírin lára ọ̀pọ̀. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín fi tọ́ọ̀ṣì wò ó.

ES 330, ti 2004 sí 2006, bẹ́líìtì ló ní. Tó bá ti tó 90,000 máìlì, ó yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gbà pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ rí, kí ẹ yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Bó bá jẹ́ Benz ni ọkàn yín fẹ́, n kò ní bá yín jà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. W204 tó ní ìtàn dáadáa ṣeé rà, bí wọ́n bá ti tún ẹ̀rọ sítíárìnnì tó dójú tì mí ṣe, tàbí bí ẹ bá ti ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn C180 àti C200 oní sìlíńdà mẹ́rin máa ń ní ṣéènì tó ti fà. Ẹ máa gbọ́ ọ ní òwúrọ̀, mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn. Lára àwọn V6 ti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní M272, eyín jíà kan nínú ẹ́ńjìnnì máa ń jẹ, títún un ṣe sì gba kí wọ́n sọ gbogbo ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. E-Class W212, 2009 sí 2016, ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù nínú ìdílé wọn. E-Class W211 tó ṣáájú rẹ̀, ti 2003 sí 2006, ní bíréékì oníná kan tí wọ́n ń pè ní SBC, tó ń ka iye ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, tí yóò sì ní òun ti ṣe tòun tán. Ẹ jẹ́ kó máa lọ.

S-Class tó ń fi afẹ́fẹ́ gbé ara rẹ̀ dúró? Mo mọ̀ pé ó wu yín. Ẹ ronú nípa ọ̀nà tó lọ sí abúlé yín. Lọ́jọ́ tí àpò afẹ́fẹ́ kan bá ya, ọkọ̀ á fi ìdí jókòó bí àgbà tó ti ibi ìnáwó dé.

BMW sì ń dùn ún wà, n kò lè parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ oníná ló ń ti omi inú ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í sì í dágbére kó tó kú. Ẹni tó ń gbé Ọ̀mùò tí mẹkáníìkì BMW rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣe mí ní àánú.

Ẹ gba nọ́ńbà ṣáàsì kí ẹ tó wọ ọkọ̀ lọ wò ó

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi nọ́ńbà ṣáàsì ránṣẹ́. Bó bá ń fì síwá fì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti parí. Mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀, kì í sì í sí I, O tàbí Q níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, ẹnì kan ti fọwọ́ kọ irọ́. J ló máa ń ṣáájú ti Japan, W ti Jámánì, 1, 4 tàbí 5 ti Amẹ́ríkà. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, èyí tó pọ̀ jù nínú Tòkunbọ̀ wa, ti ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Wọ́n á kọ 2012 sára dígí, B á sì wà lára ṣáàsì. Owó tó wà láàárín ọdún kan yẹn kì í ṣe owó ẹ̀pà.

Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sínú Google. Ọ̀fẹ́ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwòrán tí wọ́n yà níbi tí wọ́n ti lu ọkọ̀ náà ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà á yọ jáde, pẹ̀lú imú tó ti wó wọnú tàbí ilé tí omi ti kún. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sanwó fún Carfax tàbí AutoCheck. Wọ́n á sọ iye máìlì tó ti rìn ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbé e lọ ṣe sáfíìsì. Mo rí Lexus kan rí tó ti rìn 140,000 máìlì nígbà tó kúrò lọ́hùn-ún, tó wá di 78,000 nígbà tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Ó dà bíi pé afẹ́fẹ́ òkun ń sọ ọkọ̀ di ọ̀dọ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ fi ojú yín wò ó: abẹ́ dígí iwájú, òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, àti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà kan náà ni kó wà níbi gbogbo.

Ẹ bá ọkọ̀ náà lójú oorun

Aago méje àárọ̀ ni mo máa ń lọ. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má sítáàtì rẹ̀ títí ẹ ó fi dé. Bí ẹ bá dé, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbóná, wọ́n ti jí i nítorí yín, ó sì ní ohun tí wọn kò fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ẹ yí padà, ẹ ní ọ̀la lẹ máa wá.

Bó bá tutù, kí ẹlòmíràn sítáàtì rẹ̀, kí ẹ̀yin dúró níwájú rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni ohùn rẹ̀ ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá gbọ́ gbàgìdì-gbàgìdì tó dákẹ́ nígbà tí ọ́ìlì gun òkè, ṣéènì ni ẹ kọ́kọ́ gbọdọ̀ fura sí, pàápàá lára C180 àti C200 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹnì kan wo èéfín lẹ́yìn. Bí ó bá fara jọ aró, ọ́ìlì ló ń jó. Bó bá dúdú, epo ló ń jẹ lájẹjù. Bó bá funfun tó sì ń dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ìrì ọyẹ́ lásán ni, ẹ má bẹ̀rù. Èyí tó funfun tí kò dáwọ́ dúró, tí òórùn rẹ̀ ń dùn, omi ràdíétọ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń mu.

Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú. Bí nǹkan bíi ògì bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, omi àti ọ́ìlì ti pàdé. Ọ̀pọ̀ BMW àti Benz tuntun kò ní ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń wò ó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ti sọnù.

Mẹkáníìkì yín á so skánà mọ́ ọn. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn alágbàtà ń dá: wọ́n á nu gbogbo àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ nù ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí skánà bá sọ pé òun kò rí àṣìṣe kankan, àmọ́ tí àwọn àyẹ̀wò inú ẹ́ńjìnnì kò tíì parí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún ni. Nítorí náà ẹ skáànù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣáájú kí ẹ tó wà á àti lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó wọn bátìrì náà: bí ẹ́ńjìnnì bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín fólítì 13.8 sí 14.5. Iná tí kò tó ń mú kí ọkọ̀ wọ̀nyí máa ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, rewáyà á sì máa tú ohun tí kò bàjẹ́.

Ọkọ̀ tí omi ti gbé, imú ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n. Bí lọ́fínńdà bá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ fura. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin. Ibi tí kì í sábà rí ìta yẹn ni ẹrẹ̀ máa ń fi àmì sí. Ẹ gbé táyà àpọ́jù sókè nínú búùtù, ẹ tẹ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Tí omi bá ti wọ ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà abẹ́ ìjókòó, kò sí àtúnṣe tó máa dùn mọ́ yín.

Ní ti ara ọkọ̀, àwọn ènìyàn máa ń mú mágínẹ́ẹ̀tì dání láti mọ ibi tí panẹlibítà ti lẹ nǹkan mọ́. Ó dáa, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni bọ́nẹ́ẹ̀tì BMW 5 Series tí wọ́n ń pè ní E60 àti ti Benz W212, mágínẹ́ẹ̀tì kò ní lẹ̀ mọ́ ọn bó ti wù kó jẹ́ ojúlówó tó. Àlàfo àárín ilẹ̀kùn sí ilẹ̀kùn ni kí ẹ wò, àti bóyá orí nọ́ọ̀tì bọ́nẹ́ẹ̀tì ti há.

Ta ló tọ́jú rẹ̀?

Ibí yìí ni èmi àti ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ti í fẹnu kò. Wọ́n gbà pé Tòkunbọ̀ sàn ju èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà lọ nígbàkigbà. Èmi kò gbà. Tòkunbọ̀ tí kò ní ìtàn, àjèjì ni. Ọkọ̀ tí àgbàlagbà kan ti lò l'Ékìtì yìí fún ọdún mẹ́fà, tí rìsíìtì rẹ̀ wà, ẹ lè lọ bá mẹkáníìkì rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tí mo ta Benz mi, irú ọkọ̀ àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ni mo rà: Lexus ES 350 ọdún 2010, lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá lórí, bọ̀ǹpá ẹ̀yìn sì ní ojú ọgbẹ́. Nígbà tí mo ní kí bàbá fi ìwé ọkọ̀ hàn mí, wọ́n mú ìwé kíkọ ọmọ ilé ìwé kan jáde. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, iye kìlómítà, orúkọ ẹni tó ṣe é, iye tí wọ́n san, wọ́n ti fa ìlà sábẹ́ wọn pẹ̀lú rúlà. Mi ò ná an pẹ́.

Bí ìwé kò bá sí, ẹ wo àmì mìíràn. Kọ́kọ́rọ́ méjì. Táyà mẹ́rin tí orúkọ wọn bára mu, tí kò sì tíì gbó: nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára táyà ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Fíltà afẹ́fẹ́ tó mọ́. Rọ́bà ẹsẹ̀ bíréékì tí kò jẹ ju iye máìlì tí wọ́n ń pè lọ. Mo sì ń ṣọ́ra fún ọkọ̀ tí ọmọdékùnrin kan ń tà ní kánmọ́kánmọ́ lójú ọ̀nà Ìwọ̀rọkò, tí wọ́n ti gé ẹ̀yìn ẹgisọ́ọ̀sì rẹ̀ kó lè máa pariwo. Wọ́n ti fi ọkọ̀ yẹn ṣeré jù.

Ẹ gbé e lọ sí Ẹ̀fọ̀n

Yíyí po Fájuyì ní Adó kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹ ra epo sí i, kí ẹ mú ẹni tó ń tà á dání, kí ẹ gba Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọkọ, títí dé Ìtawúrẹ́, kí ẹ sì gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè pẹ̀lú AC ní títàn. Òkè yẹn kì í ṣojúsàájú. Bí jíà bá ń yọ̀, tó bá ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè láìjẹ́ kí ọkọ̀ sáré, ẹ ó mọ̀. Bó bá ń fò gìrì láti jíà kejì sí ìkẹta, ẹ ó mọ̀. Ẹ dúró lókè, ẹ má pa á, kí ẹ wo ìwọ̀n ooru lórí skánà. Àyíká ìwọ̀n 90 sí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kó wà. Bó bá ń gòkè sí i tí kò sọ̀kalẹ̀, ràdíétọ̀ tàbí fáànù ń kú lọ. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ tẹ bíréékì dáadáa: bí sítíárìnnì bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín, dísìkì ti tẹ̀. Níbi tí ọ̀nà bá ti ní kòtò, ẹ pa rédíò, ẹ pa AC, kí ẹ fetí sí ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Bí ọkọ̀ bá wà l'Ékòó, ẹ kò lè gbé e dé Ẹ̀fọ̀n kí ẹ tó sanwó. Nígbà náà, ẹ fi wákàtí kan gbáko wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀sán pẹ̀lú rẹ̀.

Ìwé àti owó

Tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé owó orí aṣọ́bodè tí nọ́ńbà ṣáàsì inú rẹ̀ bá ti ara ọkọ̀ mu. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, nítorí náà, èyí tó bá gba inú igbó wọlé, aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì, owó yín á sì wọmi. Èyí tí wọ́n ti lò níbí, ẹ yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ wò lórí ojúlé NVIS ti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, kí ẹ wo bóyá irú ọkọ̀ tó wà níwájú yín náà ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Orúkọ tó wà lára ìwé ni kó wà lára àkáǹtì tí ẹ máa sanwó sí. Alágbàtà lè gba owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí lọ́yà kọ ìwé àdéhùn tó ní nọ́ńbà ṣáàsì àti ti ẹ́ńjìnnì, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí ẹ sì lọ sí ọ́fíìsì láísíǹsì lọ yí i sí orúkọ yín kí oṣù tó parí. Ìbánigbófò tí òfin là sílẹ̀ jẹ́ ₦15,000 fún ọkọ̀ ara ẹni láti ọdún 2023. Ẹ yẹ ìwé rẹ̀ wò lórí askNIID, ojúlé tí wọ́n ti ń wo ìwé ìbánigbófò, nítorí ayédèrú rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún, kó fi gbogbo ìwé wọ̀nyí sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó wọn: bí àwọn ọlọ́pàá bá rí ọ̀dọ́ nínú Benz tàbí Lexus lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, wọn kì í kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ òótọ́ ló ń ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ti jíà, ọ́ìlì bíréékì, omi ràdíétọ̀ àti gbogbo fíltà, ohun yòówù kí ẹni tó tà á sọ pé òun ti ṣe. Láti ìgbà náà, 5,000 kìlómítà kọ̀ọ̀kan ni mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ọkọ̀ sọ pé ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eruku tiwa àti epo tiwa kọ́ ni wọ́n fi kọ ìwé náà.

Bàbá Ìkẹ́rẹ́ fi ìwé ọmọ ilé ìwé yẹn sínú àpótí iwájú ọkọ̀ nígbà tí mo sanwó tán. Ojú ewé mọ́kànlá ló kù nínú rẹ̀. Èmi náà ra rúlà.